Ìlàrí kọ́, ìfìwéránṣẹ́ kọ́: iṣẹ́ àgbàjẹ́ ńkọ́?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, n kò fara mọ́ "ìlàrí" tí ẹ ní ká fi pe àwọn ẹlẹ́ṣin tó ń gbé iṣẹ́ ọba Páṣíà àtijọ́ ní èdè Yorùbá. Ẹnu ọba ni ìlàrí Aláàfin. Bí èèyàn bá ti rí orí rẹ̀ tí wọ́n fá lápá kan, ó ti mọ ẹni tó rán an. Òun fúnra rẹ̀ ló ń gbéra l'Ọ̀yọ́, òun náà ló ń jẹ́ iṣẹ́ ọ̀hún níbi tí wọ́n rán an sí.

Ti Páṣíà kò rí bẹ́ẹ̀. Láti Sádísì, ní ilẹ̀ tó ń jẹ́ Tọ́kì lónìí, dé Súsà (Ṣúṣánì inú Bíbélì wa nìyẹn), Herodotus, òpìtàn Gíríìkì àtijọ́, ní ibùdó 111 ló wà lójú ọ̀nà ọba, ẹlẹ́sẹ̀ yóò sì rìn ín fún 90 ọjọ́. Ẹlẹ́ṣin kan, ẹṣin kan, ìrìn ọjọ́ kan. Bó bá ti fa iṣẹ́ náà lé ẹni tó kàn lọ́wọ́, tirẹ̀ parí.

"Ilé ìfìwéránṣẹ́" tí àbúrò wa dá lábàá fún ibùdó wọ̀nyí tún burú jù. Ọkàn ọmọ iléèwé tó bá kà á yóò lọ sọ́dọ̀ sítáńbù, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ọba ni wọ́n ń gbé, kì í ṣe létà tèmi tìrẹ. Àwọn Inca ilẹ̀ Gúúsù Amẹ́ríkà tiẹ̀ ńkọ́, tí wọn kò ní ẹṣin, tí wọn kò kọ ìwé? Ẹsẹ̀ ni chasqui, ìyẹn àwọn asáréjíṣẹ́ wọn, fi ń sáré, láti ahéré dé ahéré, pẹ̀lú iṣẹ́ àfẹnujẹ́ àti quipu, okùn oníkókó tó sún mọ́ àrokò ju ìwé lọ.

Tèmi ni "iṣẹ́ àgbàjẹ́": o gbà á, o jẹ́ ẹ. A ti ní alágbàfọ̀, a ní alágbàtọ́. Alágbàjẹ́ kò ṣàjèjì. Ṣùgbọ́n ẹ fi àmì ohùn sórí "ẹ" tó gbẹ̀yìn yẹn o! Ẹni tó bá gbàgbé rẹ̀, gbà-kí-n-jẹ ojú pópó ló kọ yẹn.

Ohun kan ṣì ń dà mí láàmú. Láti ara orúkọ àwọn ẹlẹ́ṣin yìí, angaros, ni àwọn Gíríìkì ti rí angareuein, ìyẹn kí wọ́n fi tipátipá mú èèyàn ṣiṣẹ́ ìjọba. Òun ló wà nínú Mátíù 5:41, níbi tí Jésù ti sọ̀rọ̀ ẹni tí wọ́n fi agbára mú rin máìlì kan. Kò sí ipá kankan nínú "àgbàjẹ́" mi. Ẹ̀gbọ́n, ṣé ká wá ibì kan fi ipá yẹn sí, àbí ká fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?