Àlàfo 20 mm láàárín pánẹ́ẹ̀lì Curtain Wall nínú Revit

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Alucobond (pátákó aluminiọ̀mù tí wọ́n fi ń bo ara ilé) ni wọ́n máa fi bo ojú ilé alájà mẹ́rin kan tí mò ń yà nínú Revit, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ya ilé. Àlàfo 20 mm gbọ́dọ̀ wà láàárín pánẹ́ẹ̀lì kan àti èkejì, lóòró àti níbùú, kí irin kankan má sì hàn nínú rẹ̀. Mo lo Curtain Wall (irú ògiri Revit tí àwọn ìlà gíríìdì máa ń pín sí pánẹ́ẹ̀lì), mo pín gíríìdì sí 1200 mm, àmọ́ ńṣe ni àwọn pánẹ́ẹ̀lì lẹ̀ mọ́ra gbágbá. System Panel kò ní ibi tí mo ti lè kọ àlàfo, Thickness àti Offset ni mo rí. Tí mo bá fi mullion (ọ̀pá tó máa ń dúró lórí ìlà gíríìdì) sí i, mullion náà ló ń dí àlàfo. Ògiri náà gùn tó 7260 mm. Kí ni kí n ṣe, tí ìwọ̀n tí mo máa kó fún àwọn tó ń gé pánẹ́ẹ̀lì kò fi ní ṣìnà?

Èsì 1

System Panel kò ṣeé ṣí tún ṣe, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ ṣe family (fáìlì ẹ̀yà ilé tí Revit máa ń lò) tiyín: File, New, Family, kí ẹ mú Metric Curtain Wall Panel.rft. Ẹ máa bá reference plane (ìlà ìtọ́sọ́nà) Left, Right, Top àti Bottom níbẹ̀. Àwọn ni gíríìdì inú project máa ń fà, ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n.

Ẹ fa mẹ́rin mìíràn sí inú wọn. Ẹ fi dimension sáàárín ti òde àti ti inú ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ so gbogbo rẹ̀ mọ́ parameter (iye tó ṣeé yí padà) kan ṣoṣo, Half Gap. Ẹ dá Gap sílẹ̀ ní 20 mm, kí ẹ wá kọ formula Gap / 2 síwájú Half Gap. Ìdajì ni o, torí pánẹ́ẹ̀lì kejì náà máa yọ 10 mm tirẹ̀. Ẹni tó bá kọ 20 síbẹ̀, 40 ló máa rí lójú ògiri.

Ẹ ṣe extrusion (ara pánẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀), kí ẹ Align ojú rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ reference plane ti inú, kí ẹ sì tì í pa. Kí ẹ tó Load family náà sínú project, ẹ yí Gap sí 60, kí ẹ dá a padà sí 20. Ojú tí kò bá tẹ̀ lé e ni ẹ kò tì. Awẹ́ Alucobond jẹ́ 4 mm lóòótọ́, àmọ́ wọ́n máa ń ká etí rẹ̀ sẹ́yìn bí àwo. Ìjìn etí yẹn ni kí ẹ fi ṣe ìnípọn. Nínú Edit Type ògiri, ẹ mú family yìí fún Curtain Panel, kí gbogbo mullion jẹ́ None.

Èsì 2

Bó ṣe rí nìyẹn, àmọ́ 7260 yẹn ló máa dá wàhálà sílẹ̀. Nínú àwọn ọ̀nà tí Revit fi ń pín gíríìdì, Fixed Distance 1200 máa fún yín ní mẹ́fà, 60 mm á ṣẹ́kù. Tí àlàfo bá kúrò níbẹ̀, ó di ègé 40 mm, kò sì sẹ́ni tó máa gbé irú rẹ̀ kọ́ ògiri. Ká ní 20 ló ṣẹ́kù ni, extrusion ò ní ráyè, Revit á figbe ta, á ní kí ẹ pa pánẹ́ẹ̀lì rẹ́. Maximum Spacing máa pín in sí méje, 1037.14 mm ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó dùn ún wò, àmọ́ ta ló fẹ́ gé 1017.14? Ẹ lo Fixed Number, kí ẹ yí iye tó wà nínú Properties ògiri fúnra rẹ̀ títí pánẹ́ẹ̀lì á fi jẹ́ mẹ́fà. Gíríìdì á di 1210, pánẹ́ẹ̀lì 1190.

Ti ìwọ̀n: Width inú schedule (tábìlì ìwọ̀n) ò mọ àlàfo yín, láti gíríìdì dé gíríìdì ló ń kà. 1210 ló máa kọ, tí ẹ bá sì kó o fún agépánẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀, gbogbo rẹ̀ á fi 20 mm tóbi jù. Nínú family, ẹ wọn Left sí Right, kí ẹ sọ ọ́ di Reporting Parameter (èyí tó ń ka ìwọ̀n fúnra rẹ̀), kí ẹ wá ṣe shared parameter (èyí tó lè hàn nínú schedule) Cut Width tó jẹ́ iye yẹn láìsí Gap. Bákan náà fún gíga. Left àti Right ti òde ni kí ẹ wọ̀n o. Tó bá jẹ́ ti inú, Revit ò ní jẹ́ kí ẹ lò ó nínú formula.

Igun ilé ńkọ́? Àlàfo 10 péré ló máa wà ní ìparí ògiri kọ̀ọ̀kan, pánẹ́ẹ̀lì méjèèjì sì lè gé ara wọn nínú. Ẹ béèrè bóyá wọ́n máa ká pánẹ́ẹ̀lì kan yí igun ká. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ó nílò family tirẹ̀. Ẹ fi Tab yan ti etí, ẹ yọ pin (ìdè) rẹ̀, kí ẹ tó pààrọ̀ type.

Èsì 3

Ẹ má lé mullion dànù pátápátá. Tó bá jẹ́ pé irin gidi wà lẹ́yìn àlàfo, ẹ lo Rectangular Mullion, Width on side 1 kí ó jẹ́ 10, side 2 náà 10, kí ẹ fi Offset tì í sẹ́yìn. Pánẹ́ẹ̀lì á gé ara rẹ̀ kúrú, àlàfo á yọ níwájú. Fún àwòrán tí oníbàárà fẹ́ wò kíákíá, èmi á mú èyí. Fún ìwé ìgépánẹ́ẹ̀lì, family Èsì 1 ni.

Ẹ tún wo ohun tó wà lẹ́yìn. Bí Curtain Wall bá wọ inú ògiri bùlọ́ọ̀kù tí Automatically Embed sì wà ní títàn, á gé bùlọ́ọ̀kù náà, ẹ ó máa wo inú yàrá láti ìta. Ẹ pa á, kí ẹ gbé Curtain Wall síwájú, kí ẹ kun ojú ògiri ẹ̀yìn ní dúdú. Ní 1:100, àlàfo 20 mm kò ju 0.2 mm lọ lórí ìwé, ìlà méjèèjì á pọ̀ di ọ̀kan tó nípọn. Ẹ jẹ́ kí ó hàn ní Detail Level Fine nìkan.

Oníbèérè

Ẹ ṣé gan-an. Oníbàárà ní kí àlàfo òró di 8 mm, kí ti ìbú wà ní 20. Ṣé 8 kò kéré jù?

Èsì 1

Alucobond máa ń fi 2.4 mm gùn sí i lórí mítà kan tí ooru bá fi 100 °C yàtọ̀. Pánẹ́ẹ̀lì yín kò ju mítà 1.2 lọ ní fífẹ̀. Tí ìyàtọ̀ bá jẹ́ 50 °C, 1.4 mm nìyẹn. Ti ooru kọ́ ni ìṣòro 8 mm. Àṣìṣe àwọn tó ń kọ́ ọ mọ́ ògiri ni kí ẹ fi àyè sílẹ̀ fún, ẹ bi wọ́n léèrè kí ẹ tó gbà. Nínú family, ẹ pín Gap sí méjì, Gap V àti Gap H, kí Cut Width lo V, kí Cut Height lo H.