Ẹ gbà mí o: owó ilé mi ti di £1,620 lóṣù, ta ló mọ broker (ẹni tó ń báni wá báǹkì tó máa yáni lówó) tó lè bá mi gbé mọ́gèjì (gbèsè tí mo fi ra ilé) lọ sí báǹkì mìíràn?

Ìyá Bọ́lá:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará mi. Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi máa gùn, inú ń bí mi ni, oorun ò sì kùn mí mọ́. Ilé tí mò ń gbé ní Gillingham, ní Kent nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, oṣù Kejìlá 2018 la rà á. Èlé 2.19% ni wọ́n fún wa, wọn ò sì ní yí i padà fún ọdún márùn-ún. £910 ni mò ń san lóṣù. Àfi bí 2024 ṣe wọlé tí báǹkì ní £1,620 ni. Ilé kan náà! Òrùlé kan náà! Omi ṣì ń jò ní balùwẹ̀ òkè títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó, òru mẹ́rin lọ́sẹ̀, ẹ̀yìn sì ń ro mí. Bàbá Bọ́lá ti padà sí Nàìjíríà láti 2023, ó ní òun fẹ́ kọ́lé sí Akóbọ̀ n'Ìbàdàn. Ilé ọ̀hún ò tíì kúrò ní ìpìlẹ̀. Nígbà Kérésì, ìyá rẹ̀ pè mí nítorí aṣọ ẹbí ayẹyẹ ọgọ́rin ọdún wọn, mo fi £300 ránṣẹ́, ẹnikẹ́ni ò dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ti wà ní yàrá kékeré mi fún ọdún kan àbọ̀. Kò san kọ́bọ̀, kì í fọ abọ́, bẹ́ẹ̀ ni iná máa ń wà ní títàn ní yàrá rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Ohun tí mo fẹ́ ò pọ̀. Ẹ júwe broker tó mọṣẹ́ fún mi, tó bá jẹ́ ọmọ wa inú mi á dùn, kó bá mi gbé mọ́gèjì yìí kúrò lọ́wọ́ àwọn ìkà yìí. Kíákíá ni mo fẹ́ ẹ o.

Ìyá Ìbejì Thamesmead:
Pẹ̀lẹ́, ìyá. Ọ̀rọ̀ ará ilé ọkọ yẹn ló dùn mí jù. Èmi gba àbúrò ọkọ mi sílé ní 2011, ọ̀sẹ̀ méjì ló bẹ̀ mí, 2014 ló tó kúrò. Orí àga pálọ̀ ló ń sùn, àwọn ọmọ mi ò rí ibi wo tẹlifíṣọ̀n. Ọjọ́ tó máa lọ, ó gbé ìkòkò mi kan dání. Ẹ ní kí ọmọbìnrin yẹn máa san nǹkan. Tí ẹ bá sì fẹ́ dá àjọ, a ní àyè ẹnì kan, £200 lóṣù.

Ọmọ Ìbàdàn:
£300 fún aṣọ ẹbí, nígbà tí owó ilé ń ṣẹ́ yín níṣẹ̀ẹ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin obìnrin wa, ẹ máa rò ó. Òkèèrè ni wọ́n wà, wọn ò mọ̀ pé òru lẹ fi ń wá owó náà.

Olùkọ́ Leeds:
Ẹ jẹ́ ká gbé aṣọ ẹbí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Ìyá Bọ́lá, báǹkì ò ṣàdédé gbé e wá. Láti oṣù Kejìlá 2021 sí oṣù Kẹjọ 2023, Bank of England, báǹkì àpapọ̀ ilẹ̀ yìí, gbé èlé wọn láti 0.1% dé 5.25%. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ni ọdún márùn-ún tiyín parí. Ẹni tí kò bá yan èlé tuntun kí tàtijọ́ tó parí, orí èlé tó wu báǹkì ni wọ́n máa ń gbé e sí, òun ni wọ́n ń pè ní SVR, ó sì máa ń wọ́n ju gbogbo ìyókù lọ.

Ẹ dá mi lóhùn: èló ló kù nínú gbèsè náà? Ọdún mélòó? Orúkọ ta ló wà níbẹ̀? Ṣé ẹ ti jẹ oṣù kankan sílẹ̀? Láìsí ìwọ̀nyí, ojú ọ̀nà kan ò ṣeé fi hàn yín.

Bọ̀dá Houston:
Àbúrò mi, èmi ti là á kọjá ní 2009. Pe báǹkì, ní o fẹ́ loan modification, kí wọ́n tún àdéhùn gbèsè náà ṣe. Tí wọ́n bá kọ̀, Chapter 13, òfin tó ń jẹ́ kí onígbèsè san gbèsè rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ kọ́ọ̀tù, ni kí o lọ fáìlì kíá, kí wọ́n tó ta ilé náà. Níbí ní Texas wọn kì í sábà lọ kọ́ọ̀tù, ọjọ́ Ìṣẹ́gun àkọ́kọ́ nínú oṣù ni wọ́n ń ta ilé ènìyàn.

Olùkọ́ Leeds:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun, àmọ́ Kent ni wọ́n wà. Kò sí Chapter 13 níbí.

Bọ̀dá Houston:
Gbèsè ni gbèsè níbi gbogbo. Ìrírí ni mò ń sọ.

Àǹtí Croydon:
Òfin ò rí bákan náà níbi gbogbo, ẹ̀gbọ́n, ìyẹn gan-an ló ń kó àwọn ènìyàn wa sí yọ́ọ́yọ́ọ́. Ẹ jẹ́ kí ìyá dáhùn.

Ìyá Bọ́lá:
Ó ku £210,000 àti díẹ̀. Ọdún 25 ló kù. Mi ò fo oṣù kankan rí láti 2018, kí Ọlọ́run ṣe ẹlẹ́rìí mi. Ọ̀rọ̀ àbúrò ọkọ, ẹ ò mọ bó ṣe rí. Tí mo bá ní kó sanwó, gbogbo Ìbàdàn ló máa gbọ́ pé mo lé e.

Olùkọ́ Leeds:
Tẹ́ ò bá fo oṣù kankan, ọ̀rọ̀ yín rọrùn ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹ má wá báǹkì mìíràn. Ọ̀dọ̀ báǹkì yín náà ni kẹ́ ẹ ti yan èlé tuntun, wọn ò ní yẹ owó oṣù yín wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìlérí tí àwọn báǹkì tọwọ́ bọ̀ ní 2023 nìyẹn, Mortgage Charter. Bí ẹ bá rí 4.9%, nǹkan bíi £1,216 lẹ ó máa san. Ẹ lè ní kí wọ́n gba èlé nìkan fún oṣù mẹ́fà pẹ̀lú. Báǹkì tuntun ló máa tú gbogbo ìwé owó oṣù yín wò.

Ọ̀rẹ́ Gbogbo Èèyàn:
Ìyá, ẹ kọ̀wé sí mi ní kọ̀rọ̀. Mo mọ bọ̀dá kan tó ń ṣe é fún ẹnikẹ́ni, bí orúkọ rẹ̀ ti wù kó bàjẹ́ tó lọ́dọ̀ báǹkì. £950 péré lẹ máa kọ́kọ́ san.

Àǹtí Croydon:
Ẹ má san kọ́bọ̀. Ẹ kọ́kọ́ yẹ orúkọ ẹni náà wò nínú ìwé FCA, àjọ tó ń ṣọ́ àwọn oníṣẹ́ owó, ọ̀fẹ́ ni, lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló wà. Ta ló ní orúkọ ìyá yìí ti bàjẹ́? Wọ́n ní àwọn ò fo oṣù kankan.

Ọ̀rẹ́ Gbogbo Èèyàn:
Mo fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́ ni o. Kí ló dé tẹ́ ẹ máa ń dí ọ̀nà ọmọ yín?

Ìyá Bọ́lá:
Ẹ má jà nítorí mi. Mo ti bá broker kan sọ̀rọ̀ lóṣù tó kọjá. Ó wo orúkọ mi, ó ní báǹkì kọ ọ́ pé mo jẹ gbèsè. Irọ́ ni! £910 mi ń wọlé fún wọn lọ́jọ́ kìn-ín-ní oṣù, mi ò yẹ̀ ẹ́ rí. Iye tí a jọ fọwọ́ sí nìyẹn.

Olùkọ́ Leeds:
Ìyá. Ẹ dúró ná. Láti oṣù Kìíní 2024 tó ti di £1,620, £910 lẹ ṣì ń san?

Ìyá Bọ́lá:
Ibo ni kí n ti rí £1,620? £1,950 ni mò ń gbé wálé. Mo pè wọ́n, mo sọ fún wọn pé mi ò fara mọ́ ọn.

Ọmọ Ìbàdàn:
Hà!

Ìyá Ìbejì Thamesmead:
Yéè, ìyá mi. Owó iná ni mo ṣe bẹ́ẹ̀ sí nígbà kan, mo rò pé wọ́n á gbàgbé.

Olùkọ́ Leeds:
£710 ló ń ṣẹ́kù lóṣooṣù. Oṣù mẹ́tàlá dé oṣù tó kọjá, £9,230, ká má tíì ka owó ìtanràn. Gbogbo ohun tí mo kọ lókè nípa yíyan èlé tuntun, ẹni tí kò jẹ àjẹsílẹ̀ ni mo kọ ọ́ fún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dáhùn ìbéèrè tẹ́ ẹ fò dá: orúkọ ta ló wà lórí ilé náà?

Ìyá Bọ́lá:
Èmi àti Bàbá Bọ́lá. Kẹ́ ẹ tó bú mi: mo fẹ́ yan èlé tuntun nígbà yẹn, báǹkì ní àwa méjèèjì la gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Bàbá Bọ́lá ní òun ò ní fọwọ́ sí nǹkan kan, kí n ta ilé, kí n fi owó tirẹ̀ ránṣẹ́ sí Akóbọ̀. Èmi ni mo dá owó náà san láti ọjọ́ tó ti lọ! Ṣé kí n ta ilé tí mo fi òru mi rà?

Ọmọ Ìbàdàn:
Ẹ dárí jì mí fún ọ̀rọ̀ aṣọ ẹbí yẹn, ìyá. Mi ò mọ̀ pé ó tó báyìí.

Bọ̀dá Houston:
Tà á. Owó tó kù níbẹ̀ fún yín á pọ̀ ju ohun tẹ́ ẹ máa rí tí báǹkì bá fọwọ́ ara rẹ̀ tà á. Èmi kò tà, mo kábàámọ̀ rẹ̀.

Ìyá Ìbejì Thamesmead:
Kí wọ́n tà á, kí àwọn ọmọ wọn sùn síbo?

Àǹtí Croydon:
Ìyá Bọ́lá, mo ti bá irú èyí pàdé léraléra níbi tí mo ti ń fi ọjọ́ Ẹtì ran àwọn onígbèsè lọ́wọ́. Ìbéèrè kan ṣoṣo: ṣé ìwé kankan ti wá láti kọ́ọ̀tù?

*(Ọ̀la rẹ̀)*

Ìyá Bọ́lá:
Àwọn lẹ́tà báǹkì wà nínú dúrọ́ọ̀ ilé ìdáná. Mo ti pẹ́ tí mi ò ṣí wọn mọ́, àyà mi máa ń já. Èyí tó dé lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn nípọn, ìwé ìjọba ló jọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kíákíá.

Àǹtí Croydon:
Ẹ ṣí i nísinsin yìí, ìyá mi. Broker kọ́ lẹ ń wá mọ́. Ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ máa wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú fọ́ọ̀mù kan tí wọ́n ń pè ní N11M, èyí tẹ́ ẹ máa fi ṣàlàyé owó tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde. Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni wọ́n máa ń fúnni láti dá a padà. Bó bá ti kọjá, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀síbẹ̀, kẹ́ ẹ sì lọ sí kọ́ọ̀tù fúnra yín.

Ẹ wá Housing Loss Prevention Advice Service. Láti oṣù Kẹjọ 2023 ni ìjọba ti ń san owó lọ́yà fún ẹnikẹ́ni tí wọ́n fẹ́ gba ilé rẹ̀, wọn ò bèèrè iye tó ń gbà. Lọ́yà á bá yín sọ̀rọ̀ ṣáájú, òmíràn á wà ní kọ́ọ̀tù lọ́jọ́ náà.

Adájọ́ ní agbára láti dá ọ̀rọ̀ náà dúró bó bá rí i pé ẹ lè san àjẹsílẹ̀ láàárín àkókò tó bójú mu, òfin 1970 ló fún un. Wọ́n lè pín in sí gbogbo ọdún tó kù. £9,230 lórí ọdún 25, nǹkan bíi £31 lóṣù ni. Ibi tó le ni pé ẹ gbọ́dọ̀ fi hàn pé owó oṣù kọ̀ọ̀kan náà á máa wọlé ní pípé. Yàrá kékeré yẹn ni ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá gba ayálégbé sínú ilé tó ń gbé kì í san owó orí lórí £7,500 àkọ́kọ́ lọ́dún. Ẹ sọ fún lọ́yà náà pé Bàbá Bọ́lá ò fẹ́ fọwọ́ sí i, kẹ́ ẹ má fi pamọ́ fún un bẹ́ ẹ ṣe fi pamọ́ fún wa. Bí ìṣirò yín ò bá gbè é, ẹ fúnra yín tà á, adájọ́ lè fún yín láyè láti tà á.

Ọ̀rẹ́ Gbogbo Èèyàn:
Bọ̀dá tí mo wí yẹn lè bá adájọ́ sọ̀rọ̀.

Olùkọ́ Leeds:
Alábòójútó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ọkùnrin yìí kúrò.

Ìyá Bọ́lá:
Mo ti ṣí gbogbo rẹ̀. Mọ́kànlá ni. Èyí tó pẹ́ jù lọ, oṣù Kẹsàn-án 2023 ni wọ́n kọ ọ́, wọ́n ní kí n wá yan èlé tuntun, oríṣi mẹ́ta ni wọ́n tò síbẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, mo sunkún.

Ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ni ìgbẹ́jọ́, aago mẹ́wàá àárọ̀. Mo ti pe àwọn lọ́yà náà, wọ́n á pè mí padà lọ́jọ́ Ajé. Mo ti ń kọ fọ́ọ̀mù náà, Bọ́lá ló ń bá mi ṣírò.

Àǹtí Croydon:
Ẹ kú ìgbìyànjú. Ọmọ yàrá kékeré ńkọ́?

Ìyá Bọ́lá:
Ó wà ní yàrá rẹ̀. Aago mẹ́jọ ni mo máa jáde lọ síbi iṣẹ́. Màá kan ilẹ̀kùn rẹ̀ kí n tó lọ.