Ọta wo ló yẹ kó wà nínú ìbọn ìléwọ́ Glock 19 fún ààbò ilé?

ỌmọẸ̀gbá_Houston: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Fúláàtì ni mò ń gbé, ògiri kan ló là mí sí aládùúgbò. Ọta FMJ 115 grain ló wà ńlẹ̀. Ṣé ó tó, àbí kí n ra hollow point? Ṣé bí grain bá ṣe pọ̀ tó ni ọta ṣe ń lágbára tó?

Balógun9: Àbúrò, fi FMJ yẹn kọ́ṣẹ́ ní pápá ìyìnbọn. Bàbà ló bo òjé inú rẹ̀, kì í fẹ̀ bó bá wọ ara. Ó lè gba ara ẹnì kan já, kó sì ba ẹni tó wà lẹ́yìn. Hollow point ní ihò lórí. Bó bá ti wọ ibi tó ní omi, ihò náà á ṣí, orí ọta á fẹ̀, eré rẹ̀ á sì já wálẹ̀. Òṣùwọ̀n FBI, ọlọ́pàá ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, ni pé kí ọta wọ jẹ́lì tí wọ́n fi ń ṣe bí ara ènìyàn tó ínṣì 12, kó má ju 18 lọ. Ìjà ìbọn tí FBI bá àwọn ọlọ́ṣà jà ní Miami, 11 April 1986, ló fà á: ọta 9mm kan gba apá ọ̀daràn wọ àyà rẹ̀, kò dé ọkàn, ọkùnrin náà ò sì yéé yìnbọn.

Grain kì í ṣe agbára, ìwúwo orí ọta ni. 7,000 rẹ̀ ló wà nínú pọ́n-ùn kan. 147 wúwo, kì í sáré púpọ̀. 124 yára jù ú lọ. Ra hollow point Federal HST tàbí Speer Gold Dot, èyíkéyìí nínú ìwúwo méjèèjì, kò sí èyí tó burú níbẹ̀.

Ìyá Àgbẹ̀dẹ: Ẹ má gbàgbé aṣọ o. Aṣọ tó nípọn máa ń dí ihò orí ọta, hollow point á wá ṣe bí FMJ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ta aṣọ bo jẹ́lì kí wọ́n tó dán an wò.

Ohun tó tún ṣe pàtàkì jù orúkọ ni pé kí ìbọn yín gbé e mì. Orí hollow point fẹjú, ó lè há lẹ́nu ọ̀nà tó ń gbà wọ ihò ìbọn. Yin ó kéré tán 100, dé 200 bápò bá gbà á, kí gbogbo magasíìnì (àpótí ọta inú ìbọn) yín sì kópa. Páálí 20 kan ṣoṣo ò fi nǹkan kan hàn.

Ní ti ògiri, ẹ má jẹ́ kí oníṣòwò tàn yín. Ọta tó lè wọ jẹ́lì ínṣì 12 á gba ògiri fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ pákó-oníbébà (drywall) kọjá, hollow point tàbí òmíràn. Ẹ yáa mọ ibi tí yàrá ọmọ aládùúgbò wà.

Balógun9: Òótọ́ ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń yọ ọta lálaalẹ́, tẹ́ ẹ tún ń dá ọta kan náà padà sínú ihò ìbọn láàárọ̀: orí rẹ̀ á máa rì sínú ìkarahun idẹ, agbára ìbúgbàmù á sì ga ju bó ṣe yẹ. Ẹ fi í wé ọta tuntun; bó bá kúrú, ẹ má yìn ín. Ẹ má sì fi òróró kan ọta, ó lè wọ ìdí rẹ̀, kó má ṣáná mọ́.

ỌmọẸ̀gbá_Houston: Ẹ ṣé gan-an. Bí ìbọn bá kéré ńkọ́, bíi Glock 43?

Ìyá Àgbẹ̀dẹ: Ojú ìbọn yẹn, ọ̀pá tí ọta ń gbà jáde, kò gùn tó ínṣì 3.5. Eré ọta á dín, orí rẹ̀ lè má ṣí. Gold Dot ní èyí tí wọ́n ṣe fún ojú ìbọn kúkúrú. Ṣùgbọ́n +P ni, ìyẹn ni pé agbára ìbúgbàmù rẹ̀ ga ju ti ọta lásán lọ, yóò ta yín lápá. Ẹ kọ́kọ́ yìn ín wò. Ẹ má sì gbé e wálé o: lábẹ́ òfin Nàìjíríà, ìbọn ìléwọ́ wà lára èyí tí a kò gbọdọ̀ ní láìsí ìwé àṣẹ Ààrẹ.