Àwọn obìnrin tó fi orí ru òrùlé ní Athens

Ọmọ onídìrí ni mí, ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, olùkọ́ wa kó àwa mọ́kànlá lọ sí Athens ní Gíríìsì, a sì lo odidi ọjọ́ kan ní Mùsíọ́mù Acropolis, èyí tí wọ́n ṣí ní 2009 lẹ́sẹ̀ òkè tí Parthenon, ilé òrìṣà àtijọ́ yẹn, wà. Gíláàsì ni wọ́n fi ṣe ilẹ̀ apá kan níbẹ̀. Bí o bá wolẹ̀, wàá máa rí ògiri ilé àti kànga àwọn ará àtijọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ. Ẹlẹgbẹ́ mi kan kọ̀ jálẹ̀, kò tẹ̀ ẹ́.

Mo rí ère ọkùnrin kan tó gbé ọmọ màlúù kọ́ ọrùn, tó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú láyà. Ẹ̀rín pa mí. Bí ẹni ń gbé àgbò Iléyá bọ̀ láti ọjà ló rí!

Àmọ́ àwọn Caryatid ló dá mi dúró. Obìnrin mẹ́fà ni wọ́n gbẹ́ ṣe òpó fún ilé òrìṣà Erechtheion, ní ohun tó lé ní 400 ọdún kí wọ́n tó bí Jésù. Orí ni wọ́n fi ru òrùlé. Ohun roboto kan wà láàárín orí wọn àti ẹrù, olùkọ́ sì ń fi orúkọ gígùn pè é. Mo ní òṣùká nìyẹn. Ó ní kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọwọ́ wọn ti kán, ojú wọn ti jẹ. Ẹ̀yìn ni kí ẹ gbà wò wọ́n. Irun dídì, ó nípọn, ó wálẹ̀ sẹ́yìn gbọọrọ, ìdì ti ọ̀kan kò sì bá ti èkejì dọ́gba. Kì í ṣe oge lásán o: irun yẹn ló ki ọrùn wọn nípọn, tí òrùlé kò fi ṣẹ́ ẹ. Mo pe màámi lórí fóònù. Ìbéèrè wọn kan ṣoṣo ni, "Ṣé òwú ni wọ́n fi kó o, àbí wọ́n dì í lásán?"

Márùn-ún ni mo kà. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi àyè ìkẹfà sílẹ̀ lófìfo ni.

*

Ẹ̀gbọ́n, mo ka ohun tí ẹ kọ, èmi ti rí ìkẹfà yín. British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù ló wà. Àwọn ọmọṣẹ́ Lord Elgin, ìjòyè Gẹ̀ẹ́sì kan, ló yọ ọ́ kúrò, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì rà á mọ́ àwọn ère Parthenon lọ́wọ́ Elgin ní 1816. Sẹ́kọ́ńdìrì ni mo wà nígbà tí tíṣà kó wa lọ, ó ní kí kálukú ya ohun kan. Orí ẹṣin Parthenon ni ọ̀pọ̀ wa yà. Èmi ya obìnrin yìí torí pé ó dá nìkan wà. Nígbà tó yá, a sọ̀ kalẹ̀ sí ọ̀dọ̀ àwọn ohun Áfíríkà, mo bá ko orí idẹ Ifẹ̀ lójú, ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n hú ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1938. Ìwé mi ti kún. Ẹ̀yìn obìnrin Gíríìsì yẹn ni mo yà á sí.