Kí ni SMH àti NVM túmọ̀ sí nínú àtẹ̀jíṣẹ́?

Ìbéèrè

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Orí ẹ̀rọ ayélujára ni èmi àti àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ti máa ń bára wa sọ̀rọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni mo sì dàgbà jù. Mo mọ̀ pé ẹ̀rín ni LOL, ṣùgbọ́n lánàá ni ọ̀kan nínú wọn ka ìròyìn iṣẹ́ tí mo kọ, tí ó sì fèsì pé, “Mo ti kà á tán, SMH.” Nígbà tí mo bi í léèrè ohun tí ó ní lọ́kàn, ó ní, “NVM.” N kò mọ̀ bóyá ìyìn ni tàbí àbùkù. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ìtumọ̀ wọn, báwo sì ni ènìyàn ṣe ń mọ ìgbà tí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ jẹ́ eré àti ìgbà tí ó jẹ́ ìbáwí?

Èsì kìíní

Lẹ́tà tí ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń ṣà jọ. SMH dúró fún “shaking my head”, ìyẹn ni pé ẹni náà ń mirí bí ẹni tí nǹkan kù díẹ̀ káàtó lójú rẹ̀. Kì í ṣe ìyìn, ṣùgbọ́n ó lè má jẹ́ ẹ̀yin ni ó ń bá wí, ó lè jẹ́ pé ohun tí ẹ ròyìn rẹ̀ ni ó ká a lára. NVM ni “never mind”, tí ó túmọ̀ sí pé kí ẹ fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. NVM yìí gan-an ni kò tẹ́ mi lọ́rùn, nítorí pé ẹni tí ó béèrè ọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ rẹ̀ yẹ kí ó gba èsì. Ẹ tún bi í ní tààrà pé apá ibo nínú ìròyìn náà ni ó mú un mirí.

Èsì kejì

Mo fara mọ́ èsì yẹn, àmọ́ kí a má rò pé àwọn ọ̀dọ́ ni wọ́n dá àṣà yìí sílẹ̀. Ní ọdún 1917, Lord Fisher, ọ̀gágun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ti lé ní ẹni 70 ọdún, kọ OMG (“Oh! My God!”, ìyẹn “Ọlọ́run mi o!”) sínú lẹ́tà tí ó fi ránṣẹ́ sí Winston Churchill, ó sì túmọ̀ rẹ̀ síbẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí àtẹ̀jíṣẹ́ fóònù dé, àmì 160 péré ni ẹyọ kan ń gbà, nítorí náà ẹni tí kò bá fẹ́ san owó ẹlẹ́ẹ̀kejì a gé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrú. Ààyè ti gbà wá báyìí, síbẹ̀ àwọn lẹ́tà náà kò lọ, nítorí pé wọ́n ti rí iṣẹ́ mìíràn ṣe. Ẹ fi “Mi ò tíì ṣe é” wé “Mi ò tíì ṣe é LOL”. Kò sí ẹni tí ó ń rẹ́rìn-ín nínú ẹlẹ́ẹ̀kejì, ńṣe ni ó ń bẹ̀bẹ̀ kí a má bínú.

Èsì kẹta

Ẹni tí ó kọ ọ́ àti ibi tí ó kọ ọ́ sí ni kí ẹ máa wò. Bí òǹkọ̀wé bá fi TL;DR (“too long; didn't read”) ṣáájú ọ̀rọ̀ gígùn tirẹ̀, kókó ọ̀rọ̀ ni ó fẹ́ sọ ní ṣókí, inú rere sì ni. Bí òǹkàwé bá kọ ọ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn, ohun tí ó ń sọ ni pé ó gùn jù, òun kò kà á, àrífín sì ni. Àwọn tí ń lo IMHO, tí a fi ń sọ èrò ara ẹni, pàápàá kò fohùn ṣọ̀kan, nítorí pé àwọn kan ní ìrẹ̀lẹ̀ (“in my humble opinion”) ni H inú rẹ̀, àwọn mìíràn ní òótọ́ inú (“honest”) ni. Ní ọdún 2012, Rebekah Brooks, tí ó ti jẹ́ olóòtú ìwé ìròyìn rí, jẹ́rìí níwájú ìgbìmọ̀ Leveson tí ó ń ṣèwádìí iṣẹ́ àwọn oníròyìn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé David Cameron, olórí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, máa ń fi LOL parí àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀ nígbà mìíràn, tí ó rò pé ìfẹ́ púpọ̀ (“lots of love”) ni, títí òun fi ṣàlàyé fún un.

Ẹni tí ó béèrè

Ẹ ṣeun gan-an. Màá bi í. Ó ku ẹyọ kan: wọ́n ní bí mo ṣe ń fi àmì ìdánudúró parí “Ó dára.” máa ń dà bí ìbínú. Ṣé òótọ́ ni?

Èsì kejì

Òótọ́ ni, lójú àwọn kan. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Yunifásítì Binghamton ní Amẹ́ríkà, tí ó jáde ní ọdún 2015, fi hàn pé èsì tí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, tí àmì yẹn sì parí, kì í dà bí èyí tí ó ti ọkàn wá tó èyí tí kò ní in, bí ó bá jẹ́ àtẹ̀jíṣẹ́. Nínú ìwé tí a fi ọwọ́ kọ, wọn kò rí ìyàtọ̀ yẹn. Ẹ má torí èyí yí ọwọ́ ìkọ̀wé yín padà. Ẹ kàn jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé bí ẹ ṣe ń kọ̀wé nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí kì í fi àmì náà sí i bá ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í fi sí i, ẹ bi í bóyá nǹkan ti ṣẹlẹ̀.