Ẹ má pe áátọ̀ ní obìnrin bí ọkùnrin

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Mo ti ń ka ohun tí ẹ ń kọ láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n wa ará Ṣómólú ti ní ká jọ ṣe àkójọ orúkọ tí a máa fi pe àwọn obìnrin inú géèmù ìgbéwọ̀, ìyẹn géèmù téèyàn ti máa ń gbé ìwà ẹnì kan wọ̀, á máa bá a rìn, á máa bá a jà, títí ìtàn ẹ̀ á fi parí. Ẹ̀gbọ́n ní ká máa pe èyí tó bá lágbára nínú wọn ní "obìnrin bí ọkùnrin". Àwọn kan ní "akọni obìnrin". Àbúrò wa tó ń ṣiṣẹ́ n'Íkẹjà ní ká kúkú fi "hẹ́róìnì" sílẹ̀ bó ṣe wà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Àbúrò, oògùn olóró nìyẹn, NDLEA á wá kó gbogbo wa.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú sí mi, mi ò lè gba ti "obìnrin bí ọkùnrin". Mo mọ̀ pé oríyìn ni, òun la fi ń ki Ìyálóde Ẹfúnṣetán, òun náà la fi ń ki Madam Tinúbú tí wọ́n fi orúkọ ẹ̀ pe Tinúbú Square ní Áílàǹdì, ṣùgbọ́n ẹ fetí sí ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ń sọ: agbára ọ̀hún kì í ṣe tiẹ̀, ó lọ yá a lọ́dọ̀ ọkùnrin ni. Àwọn tó ń ṣe géèmù sì ti kọ irú ẹ̀ sínú òfin rí. Dungeons & Dragons ti 1974, tí wọ́n ń fi ìwé àti dáìsì ta lórí tábìlì, inú ẹ̀ ni gbogbo géèmù ìgbéwọ̀ ti jáde. Ìwé atọ́nà àwọn tó ń ta á tí wọ́n gbé jáde fún Advanced Dungeons & Dragons ní 1978 là á kalẹ̀ pé agbára ọkùnrin lè dé 18/00 (òdo méjì ẹ̀yìn yẹn, ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń kà á sí), ti obìnrin ò gbọdọ̀ kọjá 18/50. O lè da dáìsì títí ilẹ̀ á fi mọ́, ibẹ̀ ni wàá dúró sí. Ìgbà tí ẹ̀dà kejì dé ní 1989 ni wọ́n tó yọ ọ́ kúrò. "Akọni obìnrin" sàn díẹ̀, àmọ́ ta ló ń sọ pé "akọni ọkùnrin"?

Ọ̀rọ̀ tó ti wà nílẹ̀ ni kẹ́ ẹ jẹ́ ká lò. Àwa tí a dàgbà sí Èkó, kí là ń pe ẹni tí fíìmù dá lé lórí? Áátọ̀. Ọ̀tá ẹ̀ tó burú jù ńkọ́? Bọ́ọ̀sì. Ẹ wọ ilé géèmù kan ní Múṣin tàbí Fádèyí lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, tí jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́yìn ilé, tí ẹnì kan sì fi Horizon Zero Dawn ti 2017 síbẹ̀ (ìyẹn tí àwọn oní-bọ́ọ̀lù bá gbà fún un o). Aloy lẹ máa rí, ọmọbìnrin onírun pupa tó ń fi ọfà ta àwọn ẹranko onírin. Tí ẹ̀mí ẹ̀ bá ti ń lọ, gbogbo ọmọ tó wà lórí bẹ́ǹṣì á figbe ta: "Áátọ̀ ti fẹ́ kú o, sá sẹ́yìn, fún un ní oògùn!" Ẹnì kan á ní áátọ̀ kì í kú. Mi ò tíì gbọ́ kí ọmọ kankan sọ pé "áátọ̀ obìnrin". Kò tiẹ̀ wá sí wọn lọ́kàn.

Èdè wa gan-an ò ní ìjọ̀ngbọ̀n yìí. Mass Effect ti 2007, ẹ lè yan kí Shepard, áátọ̀ ibẹ̀, jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin, Mark Meer ló ń sọ̀rọ̀ fún ọkùnrin, Jennifer Hale fún obìnrin, orúkọ ìdílé ni gbogbo èèyàn sì ń pè é, ó bá méjèèjì mu. Ká ní Yorùbá ni wọ́n fi kọ ọ́, "ó" ti parí iṣẹ́. Ohun tí ì bá kó wa sí wàhálà ni ọjọ́ orí: ta ló máa sọ pé "o" fún Shepard, ta ló máa sọ pé "ẹ"? Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ẹ̀ á kàn máa pè é ní ọ̀gá. Ọ̀gá ò ní irùngbọ̀n, kò sì ní kọ́mú.

Àǹtí wa tó kọ̀wé láti Yaba ní tí gbogbo wọn bá ti di áátọ̀, báwo la ṣe máa wá sọ ìwọ̀sí tí wọ́n fi ń lọ obìnrin nínú géèmù? Òótọ́ ni àǹtí sọ. Ìwọ̀sí yẹn gan-an ló yẹ ká wá orúkọ fún. Mo ní "àjígbé". Nínú Dragon Quest ti 1986, dírágónì ló ń ṣọ́ ọmọbìnrin ọba nínú ihò, tí áátọ̀ bá sì ti pa dírágónì, ṣe ló máa gbé ọmọ náà lé ọwọ́ méjèèjì, á máa gbé e kiri títí á fi dá a padà sáàfin. Wọ́n jí i gbé, wọ́n tún wá gbé e. Mo tún ní "ìhámọ́ra kọ́mú", torí Dragon Quest III ti 1988 ní aṣọ ìwẹ̀ kan tó jẹ́ obìnrin nìkan ló lè wọ̀ ọ́, géèmù sì ń kà á sí ìhámọ́ra.

Ẹnì kan wá bi mí ní kọ̀rọ̀ pé ṣé kì í ṣe Gẹ̀lẹ̀dẹ́ nìyẹn, àbí ọkùnrin kọ́ ló ń gbé ọmú onígi sáyà, tó ń di ìdí ńlá, tó ń jó? Ó bi mí dáadáa. Ẹni tó ń fi páàdì géèmù darí Tifa, ọmọbìnrin kan nínú Final Fantasy VII ti 1997, náà lè jẹ́ ọkùnrin tó gbé ara obìnrin wọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá wa ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ń jó fún, àwọn ló ń tù, tínú wọn ò bá dùn ọ̀rọ̀ bàjẹ́. Ta ni wọ́n ya àyà ńlá Tifa fún? Ẹ̀ṣẹ́ lọmọ náà sì fi ń jà o, kò gbé idà, kò gbé ìbọn.

Àwọn tó ń ṣe géèmù sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe obìnrin dáadáa tí wọ́n bá fẹ́. Phantasy Star ti Sega ní 1987, Alis ni áátọ̀, ó gbé idà torí wọ́n pa arákùnrin ẹ̀, Rieko Kodama, obìnrin, sì wà lára àwọn tó ya àwòrán ibẹ̀. Aurion tí àwọn ará Kamẹrúùnù ṣe ní 2016, Enzo ni áátọ̀, Erine ìyàwó ẹ̀ ń bá a jà. Ẹ̀yin tí ẹ kọ "olùrànlọ́wọ́" síwájú orúkọ Erine, ẹ jọ̀ọ́, olorì ni.

Ó ku oníwòsàn. Géèmù ìgbéwọ̀ fẹ́ràn kí obìnrin máa wo ọgbẹ́ àwọn tó kù sàn, bíi ti Aerith inú Final Fantasy VII yẹn. Ẹnì kan ti kọ "babaláwo" síwájú orúkọ ẹ̀ nínú àkójọ wa. Baba bí ti báwo? "Adáhunṣe" ni mo fi síbẹ̀ ná, kò ní baba kò ní ìyá, àmọ́ òórùn ewé àti egbò ti pọ̀ lára ọ̀rọ̀ yẹn jù fún ẹni tó ń fi ọ̀pá idán wo èèyàn, ẹni tó bá ní òmíì kó mú un wá kí ẹ̀gbọ́n tó pa àkójọ náà dé lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀.