Báwo ni kí n ṣe ṣètò owó ọdún àkọ́kọ́ ọmọ ajá wa?

Olùbéèrè
Ẹ̀yin ará mi, mo kí yín o. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i, èmi àti ìyàwó mi yóò lọ mú ọmọ ajá kan wálé. Abo ni, yóò ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ nígbà náà, ajá ńlá sì ni ìyá àti bàbá rẹ̀. A kò sin ajá rí, n kò sì fẹ́ kí ó débi tí a óò máa wo ojú ara wa nígbà tí ó bá nílò ìtọ́jú. Mo ṣírò oúnjẹ oṣù kan, mo sọ ọ́ di ìlọ́po 12, mo fi owó abẹ́rẹ́ àjẹsára kan kún un, mo sì pín gbogbo rẹ̀ dọ́gba sí oṣù 12. Ìyàwó mi wo ìwé náà, ó ní kò dá òun lójú. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo gbójú fò?

Ìdáhùn kìn-ín-ní
Òótọ́ ni ìyàwó yín rí. Owó ọdún àkọ́kọ́ ajá kì í lọ déédéé. Ìbẹ̀rẹ̀ ló máa ń wúwo. Abẹ́rẹ́ àjẹsára kì í ṣe ẹyọ kan. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹfà sí ìkẹjọ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ èyí tí ó ń dènà parvo àti distemper, àrùn méjì tí ó máa ń pa ọmọ ajá, wọn a sì máa tún un gún ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin síra wọn títí ọmọ ajá yóò fi pé ọ̀sẹ̀ 16, ó kéré tán. Ìdí rẹ̀ ni pé agbára ìdènà àrùn tí ó rí gbà nínú ọyàn ìyá rẹ̀ lè má jẹ́ kí abẹ́rẹ́ náà ṣiṣẹ́, kò sì sí ẹni tí ó lè fi ojú lásán mọ ọjọ́ tí agbára náà yóò tán lára rẹ̀. Ti digbólugi dá dúró lọ́tọ̀, òfin ibi tí ẹ ń gbé ni ó sì máa ń sọ ìgbà tí ẹ gbọ́dọ̀ gún un. Ẹ gba ìwé abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó fún yín ní ajá, kí ẹ má baà sanwó ohun tí wọ́n ti ṣe tẹ́lẹ̀.

Ti oúnjẹ ni ó tún ṣì yín lọ́nà jù. Ohun tí ọmọ ajá ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ń jẹ kò jọ ohun tí yóò máa jẹ ní oṣù kẹjọ, pàápàá ajá ńlá, tí ó lè máa dàgbà títí di oṣù 18. Ìwọ̀n ara ni wọ́n fi ń díwọ̀n oògùn aràn àti ti eégbọn pẹ̀lú, nítorí náà owó wọn yóò máa gòkè bí ó ṣe ń tóbi. Ẹ béèrè bí ìyá àti bàbá rẹ̀ ṣe wúwo tó, kí ẹ sì fi èyí ṣe ìṣirò ìdajì kejì ọdún.

Ìdáhùn kejì
Ẹ má ra ibùsùn olówó ńlá báyìí. Láti oṣù kẹrin ni eyín ọmọdé rẹ̀, tí ó jẹ́ 28, yóò ti máa yọ tí 42 yóò sì máa rọ́pò wọn, ohun gbogbo tí ó bá sì rí ni yóò máa jẹ lẹ́nu. Ẹ ra ohun ìjẹlẹ́nu tí kò lè já wẹ́wẹ́. Okùn ọrùn ńkọ́? Ẹ óò pààrọ̀ rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ìdáhùn kẹta
Ẹ̀yin ẹni wa, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Mo sún abẹ́rẹ́ kejì ajá mi àkọ́kọ́ síwájú nítorí pé owó há mi lọ́wọ́ lóṣù yẹn. Parvo mú un. Owó omi tí wọ́n fà sí i lára àti oorun tí ó sùn lọ́dọ̀ dókítà ẹranko ju owó gbogbo abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po, a kò sì rí ajá náà gbà là. Bí owó bá kù díẹ̀, ohun ìṣeré ni kí ẹ dín kù, kì í ṣe abẹ́rẹ́. Kí ẹ sì ya owó pàjáwìrì sọ́tọ̀ kí ajá tó wọlé, kí ó má wà nínú àpò owó oúnjẹ.

Ìdáhùn kẹrin
Mo gbà pẹ̀lú wọn, ṣùgbọ́n níbi tí ilé iṣẹ́ adójútòfò fún ẹranko bá wà, èmi yóò kọ́kọ́ wo ìyẹn. Kí ó tó ṣàìsàn rárá ni kí ẹ forúkọ sílẹ̀, nítorí pé àìsàn tí ó ti wà lára ajá ṣáájú ni wọn kì í sábà san owó rẹ̀. Síbẹ̀, ẹ ṣì nílò owó lọ́wọ́, torí pé ní ọ̀pọ̀ ibi ẹ̀yin ni ẹ óò kọ́kọ́ san án kí wọ́n tó dá a padà.

Olùbéèrè
Ẹ ṣeun gan-an ni, pàápàá ẹni tí ó pàdánù ajá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yín wọ̀ wá lára. A ti tún ìwé náà kọ: ìdá tí ó pọ̀ jù fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, oúnjẹ tí ń gòkè, àti owó pàjáwìrì nínú àpò tirẹ̀. Ó ku iṣẹ́ abẹ tí kò ní jẹ́ kí ó bímọ. Ṣé inú ọdún yìí ni kí a kọ ọ́ sí?

Ìdáhùn kìn-ín-ní
Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà ẹranko nígbà abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́. Fún ajá ńlá, ọ̀pọ̀ wọn máa ń ní kí a dúró kí egungun rẹ̀ dàgbà dáadáa, ó sì lè bọ́ sí ọdún kejì. Ẹ máa fi díẹ̀ pamọ́ fún un lóṣooṣù láti ìsinsìnyí, nítorí ìwọ̀n ara ni a fi ń díwọ̀n oògùn oorun náà pẹ̀lú.